Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Kọ Sínú Káàdì

Obìnrin mọ́kànlá ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà nígbà tí áyọ́ọ̀nù ń jó ọmọ alápatà lápá, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó gbé e kúrò. Ohun tó dun alápatà jù nìyẹn. Kì í ṣe pé ọmọ rẹ̀ ṣubú. Ó ti mọ̀ pé ọmọ òun máa ń ṣubú. Kì í sì í ṣe pé ọ̀gá aránṣọ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó ku oṣù méjì péré kó parí. Àwọn mọ́kànlá tó káwọ́ gbera tí wọ́n ń wò ló há a lọ́nà ọ̀fun bí eegun.

Ìdí pákó ẹran ló wà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń la orí màlúù, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ pè é lórí fóònù. Obìnrin náà kò tilẹ̀ kí i.

"Ẹ máa bọ̀ nílé," ó ní. "Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ ti dá a padà fún wa."

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ilé ń pe ọmọ náà, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé iṣẹ́ ìránṣọ ló sì yàn.

"Ó dá a padà, bí ẹni dá ọjà padà?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Alápatà nu ọbẹ, ó fi ọ̀rá bo ẹran, ó ní kí ẹni tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun bá òun fojú sí i. Ó gba ọ̀nà ilé lọ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára épírọ́ọ̀nù.

Nígbà tó dé, ọ̀gá aránṣọ ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Wọ́n ní kó jókòó, ó ní òun ò ní jókòó. Ó ti gbé àpótí Abẹ́rẹ́ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri: tépù, ṣọ́ọ̀kì, okùn òwú, ìdajì ẹ̀wù ọmọdé kan tí wọ́n ṣì fi píìnì mú. Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, aṣọ tútù wà lápá òsì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí ìdáná, ó gbé àwo ẹ̀wà lé itan, ó ń ṣà á. Ẹ̀wà náà ti mọ́ tipẹ́, síbẹ̀ ó ń ṣà á.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni ọ̀gá aránṣọ wí. "Èmi ò bá ọmọ yín jà. Ó ṣubú láàárọ̀ yìí, áyọ́ọ̀nù sì jó o lápá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí iṣẹ́, kò sì yájú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo rí nínú báàgì rẹ̀ nígbà tí mò ń wá nọ́ńbà yín." Ó na káàdì ilé ìwòsàn sí i. "Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: àìsàn ọpọlọ. Sísọ́ọ̀sì mẹ́jọ ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Áyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ wà níbẹ̀. Tó bá fi sísọ́ọ̀sì gún ẹlòmíràn, kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Ta ló gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lápá rẹ̀?"

Obìnrin náà wo ilẹ̀.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀?"

"A tó mọ́kànlá."

"Ta ló gbé e kúrò?"

"Gbígbọ̀n tó ń gbọ̀n náà ló padà ti áyọ́ọ̀nù ṣubú," ni ọ̀gá aránṣọ wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bàbá, wọ́n ní itọ́ ẹnu rẹ̀ máa ń ràn."

"Áyọ́ọ̀nù náà ń ràn?"

Ọ̀gá aránṣọ ní kí wọ́n máa tọ́jú ọmọ, ó yíjú padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò tíì jáde tán tí obìnrin yàrá kejì fi yọ orí. Rédíò ni wọ́n ń pe òun, nítorí kò sí ìròyìn tó ń kọjá lẹ́nu rẹ̀ láìdúró. Ó ní òun kàn fẹ́ gbà wọ́n nímọ̀ràn ni. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ti dà báyìí, kò yẹ kí ọmọ náà máa fa omi níbi ẹ̀rọ tí gbogbo ilé ti ń fa omi, nítorí ọmọdé pọ̀ nínú ilé.

"A dúpẹ́," ni alápatà wí. "Bí ẹ̀rọ omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wárápá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún onílé."

Rédíò kùn, ó wọlé. Nínú yàrá, ìró ẹ̀wà nìkan ló kù, tó ń já sínú abọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Alápatà jókòó ti ọmọ rẹ̀. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ ni làákàyè padà bọ̀, tó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tó yẹ kó ti kọ́kọ́ bi. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ọmọ yìí kò fi ṣubú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fún un ní oògùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Kí ló wá dé?

"Ìyá Abẹ́rẹ́, bá mi mú oògùn rẹ̀ kí n wò ó."

Ìyàwó rẹ̀ kò dìde.

"Mo ní oògùn ọmọ."

Ọwọ́ tó ń ṣa ẹ̀wà dúró. "Mo dà á nù," ó ní.

"Nígbà wo?"

"Ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí."

Abẹ́rẹ́ gbé orí sókè. "Màmá, àmọ́ ẹ ṣì ń fún mi lóògùn láràárọ̀." Nígbà tó yá ló tún fi kún un, ohùn rẹ̀ kò ga rárá: "Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn lẹ́nu mi. Ṣé fítámíìnì lẹ fi rọ́pò rẹ̀?"

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Ó ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu òun. Ó ní òun ò mọ̀wé, òun gbé káàdì fún Rédíò pé kó bá òun kà á, Rédíò sì kà á, ó wo òun lójú, ó ní, "Háà, oògùn wèrè lẹ ń fún ọmọ yín?" Láti ọjọ́ náà ni òun ò ti rí oorun sùn. Ó ní ta ló máa fẹ́ ọmọ tó ń lo oògùn wèrè? Ó ní òun ronú pé bí kò bá lò ó mọ́, orúkọ náà á kúrò lára rẹ̀.

Òwe kan sáré wá sí alápatà lẹ́nu: A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún obìnrin náà èwo ni ẹ̀tẹ̀, èwo ni làpálàpá? Òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀wé díẹ̀, ṣé ó ti kà á síta fún un rí? Ó ti rí ọ̀rọ̀ náà nínú káàdì láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́. Ojú ló tì í, ló bá ká káàdì sí méjì, ó fi í sí ìsàlẹ̀ báàgì ọmọ náà.

"Ẹ dìde," ó ní. "Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta là ń lọ sílé ìwòsàn." Ó gbé àpótí ọmọ rẹ̀ lé èjìká.

Ilé ìwòsàn kékeré náà kò jìnnà. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin kan tó fi ìgò sójú, ẹni tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó fọ ojú iná náà, ó fi oògùn sí i, ó dì í. Abẹ́rẹ́ di eyín mọ́ra, kò ké. Ó parí tán ni alápatà tó gbé káàdì lé orí tábìlì.

"Ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ẹ mọ ohun tó ti dá sílẹ̀?"

Ó rò ó fún un: ti ṣọ́ọ̀bù, ti sísọ́ọ̀sì mẹ́jọ, ti oògùn tí wọ́n dà nù. Nọ́ọ̀sì bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó dì í mú.

"Wárápá ni mo fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀," ó ní. "Mo ní tí wọ́n bá rí wárápá, wọ́n á sá fún un. Mo wá kọ èyí, mo rò pé òun ló mọ́ jù. Mi ò sì purọ́. Inú ọpọlọ ni àìsàn náà wà lóòótọ́."

"Ẹ ò purọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí àwa ń gbé, tí ẹ bá ní ọpọlọ ẹnì kan ń ṣàìsàn, títì la ó máa wò, pé ìgbà wo ló máa bọ́ aṣọ."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Alápatà gbójú kúrò lára rẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára àwòrán ńlá kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó wẹ́rẹwẹ̀rẹ yí ká.

"Kí ni orí màlúù ń wá lára ògiri yín?"

"Orí èèyàn ni, Bàbá."

Ó dìde, ó sún mọ́ ọn. Inú tó ń bí i rọ̀ díẹ̀, bí ó ti máa ń rọ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá rí iṣẹ́ rẹ̀ nílé onílé. "Agbárí rèé," ó ní. "Abẹ́ rẹ̀, awọ méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan yi bí bẹ́líìtì, èkejì fẹ́lẹ́, ó lẹ̀ mọ́ ọpọlọ pẹ́kípẹ́kí. Omi wà láàrin wọn."

"Mẹ́ta ni awọ náà. Ti àárín ló fẹ́lẹ́ tó jẹ́ pé ọbẹ yín ò rí i. Ta ló kọ́ yín ní ìyókù?"

"Ọbẹ náà ni." Ó ń fi ìka tọ́ka lọ. "Awẹ́ ńlá méjì rèé, ó kákò bí aṣọ tí wọ́n rún mọ́wọ́. Kékeré tó wà níṣàlẹ̀ ìpàkọ́ rèé. Okùn tó gba inú eegun ẹ̀yìn lọ sísàlẹ̀ rèé, ó funfun, ó rọ̀. A máa ń fà á yọ. Àwọn okùn tín-ín-rín máa ń yà kúrò lára rẹ̀ láàrin eegun kan sí èkejì, lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á wọ inú ẹran lọ. Ìyẹn ò ṣeé jẹ, ṣe là ń sọ ọ́ nù."

"Kí lẹ ń pè é?"

"Okùn funfun."

"Iṣan ìmọ̀lára ni wọ́n kọ́ wa pé ká máa pè é," ni nọ́ọ̀sì wí. "Okùn funfun yín yé èèyàn jù. Bàbá, àwọn lọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà. Tí ẹ bá fi ọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, okùn kan ló máa sáré gbé e lọ, òmíràn ló máa gbé èsì padà pé kí ọwọ́ kúrò. Nígbà míì kì í tíì dé orí tí okùn ńlá inú eegun ẹ̀yìn á ti dáhùn. Ẹ̀yìn náà ni ọpọlọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ó dùn yín."

Ó yí sí ìyá ọmọ, tó dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Ó fà á wá síwájú àwòrán náà. Ó fi hàn án pé ibì kọ̀ọ̀kan nínú ọpọlọ ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Iwájú ń ronú, ó sì ń kóra ẹni níjàánu. Ẹ̀gbẹ́, lápá etí, ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Kékeré ti ìpàkọ́ kì í jẹ́ kí èèyàn ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tó bá ń rìn. Ẹ̀yìn pátápátá ni ìríran wà.

"Ẹ̀yìn?" ni alápatà wí. "Ojú wà níwájú, ìríran wà lẹ́yìn?"

"Ibẹ̀ náà ni. Gbogbo wọn ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, èyí á sọ, tọ̀hún á dáhùn. Tí wárápá bá dé, apá kan á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, àwọn yòókù á bá a dá sí i, bí ìpàdé tí gbogbo ẹnu ń sọ̀rọ̀ pọ̀. Ara ò mọ ti ta ni kó gbọ́. Ìdí tó fi ń gbọ̀n nìyẹn. Tó bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á dákẹ́, ọmọ á sùn. Oògùn yẹn ló ń bá wa mú ìpàdé náà dúró lórí ètò. Ẹ ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì mọ́."

"Wèrè ńkọ́?" ni ìyá béèrè.

"Ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí inú ń run àti ẹni tí ebi ń pa, ikùn kan náà ni, àmọ́ ohun kan náà kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Ẹni tó sì ya wèrè pàápàá, aláìsàn ni, Màmá. Kì í ṣe ẹranko."

Obìnrin náà wo apá ọmọ rẹ̀ tí wọ́n dì. "Ṣé èmi ni mo jó o lápá?"

"Ẹ ò mọ̀ nígbà náà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ní báyìí, ẹ mọ̀."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ohùn Abẹ́rẹ́ lẹ́yìn wọn.

"Àtàǹpàkò mi ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú sí i.

"Èwo?" ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ti òsì. Á kọ́kọ́ máa ṣe mí bí ìgbà tí èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà á fà. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo lè kà dé ogún kí n tó ṣubú. Láàárọ̀ yìí mo ka méje, mo fẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, mo bẹ̀rù pé Ọ̀gá á ní mò ń ṣe ìmẹ́lẹ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wa láti ọjọ́ yìí?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ẹ ò bi mí," ni ọmọ náà wí. "Ẹ̀yin àti Bàbá lẹ máa ń sọ̀rọ̀."

Alápatà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì jókòó, ó fa ìwé rẹ̀ sún mọ́ra, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọmọ náà ní ìbéèrè, ó ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó pè é sídìí àwòrán, ó fi ìka fa ìlà láti òkè orí wá sí apá etí ọ̀tún. Ó ní ibẹ̀ ló ń rán àtàǹpàkò òsì níṣẹ́, ibẹ̀ ló jọ pé ariwo náà ti ń bẹ̀rẹ̀, òun á sì kọ ọ́ sí dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ jù òun lọ.

"Ọ̀tún lẹ tọ́ka sí," ni alápatà wí. "Ọmọ ní òsì."

"Àwọn okùn náà máa ń gba ara wọn kọjá, Bàbá. Ọ̀tún lọ sósì, òsì lọ sọ́tùn-ún. Ìsàlẹ̀ níbí ni wọ́n ti ń kọjá, ibi tí orí ti fẹ́ pàdé ọrùn."

"Ibẹ̀ yẹn ni mo ti ń gé e láti ọdún méjìlélógún," ó ní, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sí ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ̀ láìmọ̀.

Nígbà tó kan káàdì tuntun, àgbà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì dá kan, alápatà ní àwọn aránṣọ á túmọ̀ rẹ̀ sódì. Alápatà dá tirẹ̀, nọ́ọ̀sì ní dókítà ò ní mọ ohun tó jẹ́. Abẹ́rẹ́ ló bá wọn parí rẹ̀.

"Ẹ kọ wárápá. Orúkọ rẹ̀ ṣáà nìyẹn. Kí ẹ wá kọ ohun tí wọ́n máa ṣe sábẹ́ rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ìyá gba oògùn tuntun, ó di ọ̀rá rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kí wọ́n tó jáde, ó ní kí nọ́ọ̀sì tún ka ọ̀rọ̀ káàdì náà sí òun létí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun lè há a sórí. Bí wọ́n ti ń lọ ní títì ni ẹnu rẹ̀ ń mì. Nígbà tí wọ́n dé ìkóríta, ó ní kí wọ́n máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù, òun ń lọ sílé. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ bá Rédíò sọ, òun ò sì fẹ́ kó tutù.

Alápatà ti to èébú jọ sẹ́nu láti ilé. Ó rù ú bí ẹrù, bó ṣe ru àpótí ọmọ rẹ̀ sí èjìká. Àmọ́ nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, Abẹ́rẹ́ fa etí ẹ̀wù rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi."

Ó wò ó. Abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ó kó èébú rẹ̀ mì.

Nígbà tí wọ́n wọlé, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí òjò tó ń dá. Alápatà gbé àpótí kalẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó pa ẹnu mọ́. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀, ó dìde, ó sì ka káàdì náà síta. Ó ní wárápá ni. Ó ní kì í ràn, kì í ṣe itọ́, kì í ṣe èémí. Ó ní tó bá dé, kí wọ́n gbé ohun gbígbóná àti ohun mímú kúrò lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí òun, kí wọ́n yí òun fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí wọ́n má ṣe fi síbí tàbí ìka sí òun lẹ́nu. Kí wọ́n wo aago: tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n gbé òun lọ sílé ìwòsàn. Ó ní bí òun bá pariwo pé "àtàǹpàkò," ẹni tó bá wà nítòsí kó gba ohun tó wà lọ́wọ́ òun.

"Mi ò ní lọ aṣọ mọ́ fún ìgbà díẹ̀ ná," ó ní. "Mo lè máa to bọ́tìnnì. Mo lè máa so ọwọ́ mọ́ ẹ̀wù. Ọ̀gá, ó ku oṣù méjì."

Ọmọbìnrin kan tó sanra, tó jókòó sídìí fèrèsé, dìde. Òun àti Abẹ́rẹ́ ló jọ ń jẹun pọ̀ lọ́sàn-án.

"Mo fẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù yẹn kúrò," ó ní. Ó ń sunkún. "Mo ti na ọwọ́. Ọ̀gá ló ní kí n má fọwọ́ kàn án."

Gbogbo wọn kọ ojú sí ọ̀gá aránṣọ. Obìnrin náà mú tépù tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó ká a, ó tú u, ó tún ká a.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ó ní níkẹyìn. "Ẹ̀rù ló bà mí. Bàbá, ẹ má bínú." Ó yíjú sí ọmọ náà. "Abẹ́rẹ́, má bínú."

Alápatà kò dáhùn, nítorí òun kọ́ ni wọ́n jó. Abẹ́rẹ́ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú apá tí wọ́n dì, ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó ní, "Ó ti tán, Ọ̀gá."

Ọ̀gá aránṣọ ju tépù sórí tábìlì. Ó fa aṣọ funfun kan yọ láti inú àwọn aṣọ tí wọ́n tò jọ, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàrin ṣọ́ọ̀bù, ó sì dùbúlẹ̀ gbalaja lórí rẹ̀, tòun ti ara ńlá rẹ̀.

"Ó yá," ó ní. "Ẹ yí mi kí n rí i bóyá ẹ gbọ́."

Wọ́n kọ́kọ́ wo ara wọn. Ọmọbìnrin tó sanra ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e. Ọ̀gá wúwo, wọ́n tì í, kò yí. Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ ya kẹ̀kẹ́ ẹrù, ẹ̀rín bú sílẹ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín tí ikùn rẹ̀ ń mì, bẹ́ẹ̀ ló sì ń pariwo pé ẹni tó ní wárápá kì í rẹ́rìn-ín, kí wọ́n ṣe é dáadáa. Oníbàárà kan yọjú, ó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ní òun ń padà bọ̀.

Alápatà ń wo ọmọ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ obìnrin tó wà nílẹ̀, àti àwọn ọwọ́ tó wà lára rẹ̀.

"Ṣé bí mo ṣe máa ń rí nìyẹn?" ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Mi ò rí i rí."

Ẹ̀rín rọlẹ̀. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé alápatà pé nínú gbogbo àwọn tó ti dúró wò ó láti ọdún yìí wá, ọmọ náà nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ronú kó tó dáhùn. "Níbẹ̀rẹ̀, ó bani lẹ́rù," ó ní. "Ṣùgbọ́n nígbà tó tán, o sùn bí ọmọ tuntun."

Abẹ́rẹ́ mi orí. Ó kúnlẹ̀ ti ọ̀gá rẹ̀, ó gbé apá obìnrin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ yìí máa wà lábẹ́ orí, báyìí," ó sọ fún wọn. "Ẹ wá wò ó dáadáa."

Gbogbo wọn sún mọ́ ọn.